Kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni bá a ṣe ń mọ̀ bóyá ètò ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, l'Óṣogbo: ẹ lọ kọ́ ọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì tí mo lọ l'Óṣogbo, ẹ lọ. Mi ò fẹ́ fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ rárá. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa pín irúgbìn, ajílẹ̀, òròmọdìyẹ tàbí owó yíyá fáwọn èèyàn, tẹ́ ẹ ó sì tún padà kọ ìròyìn ránṣẹ́ sáwọn tó gbówó kalẹ̀ pé ètò náà ti tún ayé àwọn àgbẹ̀ ṣe, ẹ nílò kíláàsì yìí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ síbí torí mo fẹ́ sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó láìwojú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí mi, màá júwe ẹ̀ fún un.

Ilé òkè kan ládùúgbò Òkè-Fìà ni wọ́n ti ń ṣe é, ọjọ́ Sátidé, láti àárọ̀ títí dọwọ́ ọ̀sán. Àwọn tá a jọ wà níbẹ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ADP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, àwọn kan wá látinú NGO, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ló ń bá ṣiṣẹ́, àwọn agùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní UNIOSUN náà wá láti Èjìgbò. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni béèyàn ṣe lè mọ̀ dájú pé ètò kan ló fa àyípadà tá a rí, pé kì í ṣe òjò, kì í ṣe ọjà tó gbówó lórí, kì í ṣe pé àwọn tá a yàn ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ká tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun ni wọ́n ń pè ní impact evaluation nínú ìwé.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí n gba ti ibẹ̀. Wọn ò gbé ìṣirò kankan síwájú wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bọ̀dá tó ń kọ́ wa mú ìròyìn ètò kan tó ti parí jáde, ó ti fi bírò dúdú pa orúkọ àwọn tó ṣe é rẹ́, ó kà á sí wa létí pé wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn àgbàdo tuntun, wọ́n ka àpò tí wọ́n ń kó kí ètò tó dé, wọ́n ka ti ẹ̀yìn ètò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó ní kí la rí sí i. Àwọn kan ní ó dáa gan-an, irúgbìn yẹn ṣiṣẹ́. Màmá kan tó ń dáko lápá Ìlobù ló dáhùn látẹ̀yìn pé, "Ṣé kì í ṣe ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa nìyẹn? Èmi náà kó àgbàdo lọ́dún yẹn, kó kún ilé, ẹnikẹ́ni ò sì fún mi nírúgbìn."

Bọ̀dá yẹn ní ohun tí màmá sọ yẹn la wá kọ́. Pé ká má ṣe bi ara wa pé báwo ni nǹkan ṣe rí kí ètò tó dé àti lẹ́yìn tó dé, ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ sáwọn èèyàn yìí kan náà lọ́dún yìí kan náà ká ní ètò ò wá rárá. Kò sí bá a ṣe lè fojú rí ìyẹn, torí àgbẹ̀ kan ò lè gba irúgbìn kó má sì gbà á lọ́dún kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ wá àwọn mìíràn tó jọ wọ́n, tí wọn ò gbà, ká fi wọ́n wé ara wọn. Gbogbo ọgbọ́n tó kù nínú ìmọ̀ yìí, báwo la ṣe máa rí àwọn tó jọ wọ́n lóòótọ́ ni.

Èmi gan-an, ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún torí a ti rí ètò nílẹ̀ yìí. OYES, ètò iṣẹ́ fáwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gba ọ̀dọ́ 20,000 wọlé nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, oúnjẹ ọ̀fẹ́ àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n pè ní O-MEALS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, tó jẹ́ pé wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà á rí ọjà tà níbẹ̀, ti CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n fi yá àgbẹ̀ lówó, dé lọ́dún 2015. Iye èèyàn tó wọlé la máa ń gbọ́ jù. Èmi fẹ́ mọ iye tó yí padà nínú àpò àgbẹ̀ tí kò ní yí padà ká ní kò sí ètò. Ẹni tó bá ń fowó ìlú ṣiṣẹ́ jẹ gbogbo wa ní ìdáhùn yẹn.

Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú ni pé oko ni ìmọ̀ yìí ti wá. Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, dé ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1919, wọ́n sì ti ń dán ajílẹ̀ wò lórí ilẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ ò rí bákan náà, apá kan lọ́ràá, apá kan gbẹ, omi ń dá sí apá kan, tó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ ara ẹ lo fi yan ibi tó o máa da ajílẹ̀ sí, ọwọ́ ẹ lè máa lọ síbi tó lọ́ràá láìmọ̀. Fisher ní kí wọ́n pín ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n ṣẹ́ gègé lé e lórí, ibi tí gègé bá mú ni kí wọ́n fi ajílẹ̀ sí. Látibẹ̀ ló ti wọ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá òṣì jà. Lọ́dún 1997 Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ètò Progresa, tí wọ́n ń fún àwọn ìyá lówó tọ́mọ wọn bá ń lọ síléèwé, ìlú kéékèèké 506 ni wọ́n kó sínú ìwádìí ẹ̀, wọ́n ṣẹ́ gègé, 320 kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, 186 tó kù dúró díẹ̀ kí tiwọn tó dé. Lọ́dún 2003 ni Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti Sendhil Mullainathan dá ibùdó ìwádìí tá a wá mọ̀ sí J-PAL sílẹ̀ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2019 Banerjee, Duflo àti Michael Kremer gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí.

Bọ̀dá yẹn kì í kàn dárúkọ wọn kó kọjá lọ o, ó máa ń tú iṣẹ́ wọn palẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ajílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà tí Duflo, Kremer àti Jonathan Robinson ṣe, tó jáde lọ́dún 2011. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé ajílẹ̀ ń mérè wá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kì í rà á. Wọ́n wá lọ bá wọn ní kété tí wọ́n kórè tán, nígbà tówó ṣì wà lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ sanwó ajílẹ̀ nísinsìnyí, a ó gbé e wá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó. Ẹ̀dínwó kékeré tí kì í pẹ́ lọ yìí mú kí ọ̀pọ̀ ra ajílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bówó ìkórè ṣe máa ń lọ nílé àgbẹ̀, owó iléèwé, ìnáwó, gbèsè, á mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí gbọ́ èdè àgbẹ̀. Ní kíláàsì wa, ibẹ̀ ni ariyanjiyan ti bẹ́, torí àwọn ará ADP ní ìgbà tí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ajílẹ̀ ìjọba máa ń dé ọ̀dọ̀ tiwa, ìgbà yẹn àgbẹ̀ ti jẹ owó ẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa gègé ṣíṣẹ́ torí òun ni mo rò pé àwọn àgbẹ̀ ò ní gbà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní igi ẹ̀gẹ́ tuntun láti pín, kò sì ní kárí gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ wọn lọ́dún yẹn. Kíláàsì bá wọn ṣètò ẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ṣe é, lábúlé kan lọ́nà Ìkìrun, wọ́n kọ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, wọ́n ká a, wọ́n dà á sínú ike, wọ́n ní kí ọmọdé kan máa mú un níkọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ kan dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ fi wá ta tẹ́tẹ́ ni?" Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Rárá o, Bàbá. Igi ò kárí lọ́dún yìí ni. Abúlé tí gègé ò bá mú lónìí, tiwọn ń bọ̀ lójò tó ń bọ̀, ó ti wà lákọsílẹ̀. A ò fẹ́ kẹ́nì kankan sọ pé torí òun ò mọ ẹnikẹ́ni lóun ò ṣe rí gbà ni." Baálẹ̀ yẹn jókòó, wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn ju ti àwọn olóṣèlú lọ. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé gègé tí gbogbo ojú rí kì í bí àgbẹ̀ nínú, ìwé orúkọ tí wọ́n ti kọ wá látilé ló ń bí wọn nínú.

Ìdí tó fi jẹ́ abúlé ni wọ́n ṣẹ́ gègé lé lórí, tí kì í ṣe àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń tì mọ́nú ilé. Ẹni tó bá gbà á lónìí, bó bá ti gbó, á gé e fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, fún àna ẹ̀, fún ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Tó bá wá jẹ́ pé àwọn àna yẹn lo fẹ́ fi wé e, àwọn náà ti jẹ nínú ètò, wàá rò pé ètò ò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe ju ohun tó o rí lọ. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fún wa ni iṣẹ́ Edward Miguel àti Kremer ní Busia ní Kẹ́ńyà, iléèwé 75, tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ lóògùn aràn. Àwọn ọmọ tí kò lo oògùn gan-an jàǹfààní torí aràn tó ń ran ara ẹni ti dín kù láyìíká wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń dán nǹkan wò láàárín ọmọ kan sí ọmọ kejì nínú iléèwé kan náà ò ní rí ìyẹn. Nítorí náà, iléèwé ni wọ́n pín, kì í ṣe ọmọ.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tá a lọ sóko. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ èyí, torí ibẹ̀ ni kíláàsì yìí ti yàtọ̀ sí tréníǹgì tó jẹ́ pé inú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á jẹ ráìsì, tí wọ́n á gba báàgì, tí wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé ká mọ bí ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ kan kó lọ́dún tó kọjá ṣe pọ̀ tó. Bàbá tí wọ́n pín èmi àti ẹnìkejì mi sí, a kí wọn, a jókòó, a bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ kó lọ́dún tó kọjá, báwo ló ṣe pọ̀ tó?" Wọ́n wò wá, wọ́n ní, "Èwo nínú ẹ̀?"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í là á fún wa. Apá kan, wọ́n ta á lórí ìdúró fún oníbàárà tó gbé píkọ́ọ̀pù wá, òun ló kó àwọn tó bá a hú u, Bàbá ò wọ̀n ọ́n, owó nìkan ni wọ́n rántí. Apá kan, ìyàwó wọn ló ń hú u díẹ̀díẹ̀, gàrí lọ́sẹ̀ yìí, fùfú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láfún nígbà tí oòrùn bá mú. Wọ́n fún àna wọn nínú ẹ̀ nígbà ìnáwó kan. Ewúrẹ́ àti òkété jẹ nínú ẹ̀. Èyí tó kù ṣì wà nínú ilẹ̀ dọjọ́ tá a lọ, torí wọn ò tíì nílò owó. Bẹ́ẹ̀ ojú ibi kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé ìbéèrè wa tá a ti máa kọ iye àpò sí. Ẹni tó bá ti ń lọ gba ìròyìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ rí, kẹ́ ẹ bá mi ro ó wò, mélòó nínú iye tó wà nínú àwọn ìròyìn wa ló jẹ́ pé àgbẹ̀ kan sọ ọ́ torí pé ó fẹ́ kí àlejò ẹ̀ máa lọ.

Nígbà tá a padà sí kíláàsì, wọ́n fi odindi Sátidé kan tú ìyẹn wò. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ò dà bí àgbàdo tí wọ́n ń ya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àgbẹ̀ lè ka àpò. Ti ẹ̀gẹ́, ẹ bi í ní ọ̀nà ọ̀nà: èyí tẹ́ ẹ tà lórí ìdúró, èyí tẹ́ ẹ sọ di gàrí, èyí tẹ́ ẹ jẹ, èyí tẹ́ ẹ fún èèyàn, èyí tó ṣì wà nílẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ máa pè wọ́n lórí fóònù lóòrèkóòrè dípò kẹ́ ẹ dúró dìgbà tọ́dún bá parí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó dájú, ẹ lọ wọn ilẹ̀ kékeré kan nínú oko náà, wọ́n ní kí okùn jẹ́ mítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ hú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Gègé ni kẹ́ ẹ sì fi yan ibi tẹ́ ẹ máa na okùn sí, torí a rí i pé gbogbo àgbẹ̀ ló ń fẹ́ mú wa lọ síbi tí ẹ̀gẹ́ ẹ̀ ti ta jù, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń yangàn.

Ti ìwọ̀n ilẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Bàbá wa ní oko àwọn tó éékà méjì, a fi fóònù tó ní GPS rìn yí i ká láti igun dé igun, kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé wọ́n ti rí èyí lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, ẹni tí oko ẹ̀ kéré máa ń fi kún un, ẹni tí oko ẹ̀ tóbi máa ń dín in kù. Ẹ ò rí i pé bẹ́ ẹ bá fi ilẹ̀ tí wọ́n bu lé pín iye tí wọ́n kó, ẹ ó ní oko kékeré ò mú nǹkan jáde, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. NBS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye nǹkan nílẹ̀ wa, àti Báńkì Àgbáyé ti ń tẹ̀ lé ìdílé bí 5,000 káàkiri Nàìjíríà láti ọdún 2010, wọ́n ń padà lọ bá àwọn ìdílé náà, wọ́n ń fi GPS wọn oko, wọ́n sì gbé détà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Òun la fi ṣe ìdánrawò ní kíláàsì.

Àwọn ọ̀nà tó kù tí kì í ṣe gègé, wọ́n kọ́ wa, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn lè ṣẹ́ gègé, ètò mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pè ọ́. Èyí tó yé gbogbo kíláàsì jù ni èyí tí wọ́n ń fi ìyàtọ̀ yọ ìyàtọ̀. Ká ní àwọn tó wà nínú ètò ń rí ₦200,000 lórí ẹ̀gẹ́ kí ètò tó dé, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ń rí ₦380,000. Ẹni tó ń kánjú á ní ètò ti fi ₦180,000 kún un. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò sí nínú ètò, tí wọ́n ń rí ₦180,000 tẹ́lẹ̀, àwọn náà ti ń rí ₦300,000 báyìí torí gàrí gbówó lórí fún gbogbo èèyàn. Tiwọn fi ₦120,000 lé láìsí ètò kankan. Yọ ₦120,000 kúrò nínú ₦180,000, ₦60,000 ló kù, òun nìkan ni ètò lè gbà pé òun ṣe. Ó sì ní ohun tó lè bà á jẹ́ o: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti máa lọ bákan náà kí ètò tó dé. Bó bá jẹ́ pé àwọn tẹ́ ẹ mú sínú ètò ti ń sáré ju àwọn tó kù lọ látẹ̀yìn wá, ìyọkúrò yẹn náà á parọ́ fún yín.

Fadama Kejì, ètò ìrànlọ́wọ́ fáwọn àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ àti Báńkì Àgbáyé ṣe, ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ fún wa. IFPRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ló ṣe ìwádìí ẹ̀, wọn ò ṣẹ́ gègé, wọ́n wá àwọn ìdílé tó jọ àwọn tó gbà á ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ọjọ́ orí, ilẹ̀, ohun ìní, wọ́n wá fi ìyàtọ̀ yọ ìyàtọ̀. Wọ́n rí i pé owó tó ń wọlé fáwọn tó wà nínú ẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 lé láàárín ọdún kan. Ọ̀dọ̀ wa ni gègé ti ṣiṣẹ́ ní ti YouWiN!, ìdíje tí wọ́n fi ń fún àwọn ọ̀dọ́ lówó láti dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, àwọn ọ̀dọ́ bí 24,000 ló kọ̀wé wọlé, 1,200 ló rówó gbà, ohun tó lé ní 700 nínú wọn ló jẹ́ pé gègé ló yàn wọ́n láàárín àwọn tó dé ìpele tó kẹ́yìn, David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé ló tẹ̀ lé wọn, ó sì rí i pé àwọn tó rówó gbà dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gba òṣìṣẹ́, ju àwọn tí gègé ò mú lọ. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ Nàìjíríà la ti ṣe irú ẹ̀, orí mi wú gan-an.

Ti iye èèyàn tó yẹ ká fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò náà dáa. Ogún àgbẹ̀ lábúlé kan náà, òjò kan náà ló ń rọ̀ lé wọn lórí, aláròóbọ̀ kan náà ló ń rà á lọ́wọ́ wọn, tó o bá fi ogún mìíràn kún un lábúlé yẹn, ohun tó o máa tún mọ̀ ò pọ̀. Ó sàn kó o lọ sí abúlé mìíràn. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kó gbogbo ìbéèrè sí abúlé méjì mẹ́ta torí epo ọkọ̀.

Ó tó kí n sọ ibi tí kò dáa.

Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà. Wọ́n sáré jù. R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ni wọ́n fi kọ́ wa, mo fara mọ́ ọn torí ọ̀fẹ́ ni, Stata tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ń béèrè owó, ṣùgbọ́n Sátidé kan ni wọ́n fi ń sáré kọjá lórí ohun tó yẹ kó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn tí kò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí kàn ń wo ojú ara wọn ni. Akọ̀wé alájẹṣẹ́kù yẹn, tó jẹ́ pé òun ló ń béèrè ìbéèrè tó dáa jù lóko, kò lè ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ó sì dùn mí fún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ pín in sọ́nà méjì, ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣirò, ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe máa ka èsì tí ẹlòmíràn ṣe. KoboToolbox tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sórí fóònù, èyí yé gbogbo wa, kò gba owó, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Èkejì, ọjọ́ tí wọ́n mú wa lọ sábúlé kejì, wọ́n mú un sọ́jọ́ ọjà. Àwọn obìnrin ti lọ tán, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin díẹ̀ la bá nílé, nǹkan tá a wá gbọ́ níbẹ̀ jẹ́ ohùn apá kan ṣoṣo. Fún àwọn tó ń kọ́ wa pé ẹni tó o bá bá nílé lè yàtọ̀ sí ẹni tí o ò bá, ìyẹn ò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá, ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ baálẹ̀ ì bá ti tó.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù, wọn ò kọ́ wa ní ti owó. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ètò fi ₦60,000 kún owó àgbẹ̀ kan lọ́dún, tẹ́ ẹ sì ná ₦150,000 lé e lórí, ọkọ̀, òṣìṣẹ́, tréníǹgì, ṣé kì í ṣe ohun tó yẹ ká sọ nìyẹn? Mo béèrè, wọ́n ní kò sí àyè nínú ètò ẹ̀kọ́. Kí wọ́n wá àyè fún un. Àgbẹ̀ tẹ́ ẹ bá bá sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bi yín pé, "Owó yẹn, kí ló dé tẹ́ ò kúkú kó o fún wa?"

Ilé ibẹ̀ dáa, wọ́n ní sólà, iná kì í bà wọ́n nínú jẹ́, àga ò pọ̀ tó nígbà tí gbogbo èèyàn bá wá, ẹ tètè dé. Oúnjẹ ò sí nínú owó tẹ́ ẹ máa san, àmàlà wà nísàlẹ̀. Owó ẹ̀ ò wúwo fún ẹni tó ń gbowó oṣù, fún agùnbánirọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbà kéèyàn san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá jẹ́ pé sàtífíkéètì ló ń wá kiri, kó má lọ, ìwé lásán ni tibẹ̀. J-PAL àti MIT ní kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bá a ṣe ń ṣètò ìwádìí onígègé, ọ̀fẹ́ ni kéèyàn wò ó, ẹni tó bá fẹ́ sàtífíkéètì ló ń sanwó, Báńkì Àgbáyé náà ní ìwé ńlá kan téèyàn lè gbà sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ń lo méjèèjì pẹ̀lú kíláàsì, wọ́n sì ń ti ara wọn lẹ́yìn, àmọ́ kò sí fídíò tó máa mú yín dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ní "Èwo nínú ẹ̀?"

Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ fi R àti Kobo sórí láptọ́ọ̀pù àti fóònù yín látilé, ẹ má dúró dọjọ́ kíláàsì torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ máa ń fà tí gbogbo wa bá jọ ń lò ó. Ẹ mú ìwé ìbéèrè tẹ́ ẹ ń lò níbi iṣẹ́ yín dání, èyí tẹ́ ẹ ń kó lọ bá àgbẹ̀ gan-an. Wọ́n máa ń fún ẹni tó bá mú tiẹ̀ wá láyè kí gbogbo kíláàsì jọ tú u wò, èyí tí mo mú wá, ohun tó lé ní ìdajì ẹ̀ la yí padà, ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ sì ti ní ká máa lo tuntun yẹn láti ìkórè tó ń bọ̀.